Sẹ́ẹ̀lì kan náà, ọ̀nà méjì: àkọsílẹ̀ ìtọ́jú glioblastoma kan ní Duarte

Ọkùnrin ẹni 50 ọdún tó ní glioblastoma, jẹjẹrẹ ọpọlọ kan, ni aláìsàn náà. Ilé-ìwòsàn City of Hope ní ìlú Duarte, ìpínlẹ̀ California, ló ti gba ìtọ́jú tí a fẹ́ tú palẹ̀ yìí. Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2016. Christine Brown ló ṣáájú iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, Behnam Badie ni oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, Stephen Forman sì wà lára àwọn àgbà tó ń darí ètò náà. NCT02208362 ni nọ́ńbà ìdánwò ìṣègùn tí ó wọ̀.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo yìí tó kọ sílẹ̀ ni pé ara kan náà gba sẹ́ẹ̀lì kan náà (sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara, tí wọ́n fi jíìnì tuntun kún), ní ìwọ̀n kan náà, láti ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àbájáde méjèèjì kò sì jọra rárá. Tí wọ́n bá ń ròyìn ìtọ́jú tó ń yí jíìnì padà, ohun tí wọ́n kọ sínú sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ènìyàn máa ń gbájú mọ́. Ní ti ọkùnrin yìí, ibi tí wọ́n da sẹ́ẹ̀lì sí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu ohun gbogbo.

Bí àìsàn náà ṣe dé ibi tó dé

Apá ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀ ni kókó náà ti kọ́kọ́ yọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, níbi tí àwọn dókítà ń pè ní temporal lobe. Glioblastoma ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi ìtànṣán jó ohun tó kù, wọ́n sì fún un ní temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ tí a ń gbé mì. Ọ̀nà mẹ́ta yìí ni àwọn dókítà ń tọ̀ fún glioblastoma tuntun láti ọdún 2005. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á pín ìtànṣán 60 Gy (òṣùwọ̀n ìtànṣán) sí ìgbà 30 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, aláìsàn á máa lo temozolomide lójoojúmọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn, lẹ́yìn náà á tún lò ó fún ọjọ́ márùn-ún nínú ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan, ní ìgbà mẹ́fà. Nínú ìwádìí tó fìdí ọ̀nà yìí múlẹ̀, ìdajì àwọn tó gba ìtànṣán nìkan ló lò ju oṣù 12.1 lọ láyé. Àwọn tó fi temozolomide kún un, ìdajì wọn lò ju oṣù 14.6 lọ. Oṣù méjì àtààbọ̀ ni gbogbo èrè náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn dókítà fi ń wá ọ̀nà mìíràn lójú méjèèjì, kó wo iye yẹn dáadáa.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọkùnrin náà parí ìtọ́jú àkọ́kọ́, àwòrán MRI àti PET fi hàn pé àìsàn ti padà. Wọ́n gbà á sí ìdánwò sẹ́ẹ̀lì T ti City of Hope. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í délẹ̀ lọ́jọ́ kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, ó wọ ìdánwò oògùn mìíràn láti fi dí àlàfo náà. Oògùn yẹn kò ran àìsàn náà. Kókó di púpọ̀, ó ràn dé apá òsì, ó sì ń tọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ọpọlọ lọ. Bí glioblastoma bá ti ń tọ awọ yẹn lọ, ó ti bọ́ sínú omi tó yí ọpọlọ ká nìyẹn, oṣù díẹ̀ ni àwọn dókítà sì máa ń retí pé kó kù fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Kókó márùn-ún ló wà lórí ọpọlọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n padà ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ mẹ́ta, títí kan èyí tó tóbi jù, ní apá ọ̀tún lọ́hùn-ún ẹ̀yìn. Méjì tó kù kò ṣe é yọ. Níbi ihò tí kókó ńlá náà ṣí sílẹ̀, wọ́n gbé ike róbótó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Rickham sí abẹ́ awọ orí, rọ́bà tín-ínrín kan sì ti ìdí rẹ̀ wọ inú ihò náà. Láti ìgbà yẹn, kí dókítà tó da nǹkan sínú ọpọlọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ tín-ín-tín-ín kan gba awọ orí kọjá ló kù. Wọn kò ní í tún lu agbárí.

Sẹ́ẹ̀lì náà: ohun tí wọ́n yọ, ohun tí wọ́n fi kún un

Wọ́n fi ẹ̀rọ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ náà yọ sẹ́ẹ̀lì funfun, ó dá ìyókù padà sí i lára. Ìṣà ló kàn. Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì T ló ń ṣiṣẹ́ bákan náà, bí a bá sì kó gbogbo wọn pọ̀ láìṣà, àwọn tó ti rẹ̀ ni yóò pọ̀ jù nínú ẹni tó ti gba temozolomide àti ìtànṣán. Àwọn ará Duarte fi antibody (èròjà ara tó máa ń lẹ̀ mọ́ àmì kan pàtó) àti òòfà yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní àmì CD14 kúrò, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì agbémì ni wọ́n, wọn kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì T. Wọ́n yọ àwọn tó ní CD25, torí pé inú wọn ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tẹ ogun ara rì wà. Wọ́n yọ àwọn tó ní CD45RA. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mú àwọn tó ní CD62L nínú ohun tó kù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T oníyè-ìrántí tó ń pẹ́ láyé, tó sì ń bí sí i, ni ìṣà yìí ń wá.

Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí a so antibody tó ń di àmì CD3 àti CD28 mú mọ́ jí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, torí fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé jíìnì kì í ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì T tó ń sùn bó ṣe yẹ. Fáírọ́ọ̀sì náà ni lentivirus. Ọmọ ìyá HIV ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé gbogbo ohun tí ó lè fi bímọ kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un: kó gbé jíìnì tuntun wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kó sì so ó mọ́ DNA. Wọ́n bọ́ sẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú IL-2 àti IL-15 títí wọ́n fi pọ̀ tó, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò bóyá kòkòrò kankan wọ̀ wọ́n àti bóyá jíìnì náà wọlé, wọ́n sì fi wọ́n sínú yìnyín títí di ọjọ́ tí a ó lò wọ́n.

Jíìnì tuntun yìí ni ó ń kọ́ CAR, irinṣẹ́ tí ó mú kí sẹ́ẹ̀lì T lè dá jẹjẹrẹ mọ̀. Apá tó wà níta rẹ̀ ni IL-13, èròjà kan tí ara ènìyàn ń ṣe. Àmì tó ń lépa ni IL13Rα2, tí ó máa ń wà lára ohun tó ju ìdajì glioblastoma lọ, tó sì ṣọ̀wọ́n nínú ọpọlọ tó dá. Ìṣòro kan ni pé IL-13 lásán tún máa ń lẹ̀ mọ́ ìbátan àmì yìí, IL13Rα1, tó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pààrọ̀ ẹyọ èròjà kan ṣoṣo ní ipò 13 nínú IL-13, wọ́n yọ glutamic acid, wọ́n fi tyrosine rọ́pò rẹ̀, kí ó lè dín ìlẹ̀mọ́ IL13Rα1 kù. Àtúnṣe kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń dáàbò bo ẹran ara tó kù.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni apá méjì mìíràn wà. CD3ζ ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pa. 4-1BB ló ń jẹ́ kó pẹ́ láyé, kó má yára rẹ̀. Láàárín ti ìta àti ti inú, wọ́n fi ọ̀pá kan láti ara IgG4, irú antibody kan, so wọ́n pọ̀, wọ́n yí ojú méjì padà lára rẹ̀ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbémì má baà rò pé antibody lásán ni, kí wọ́n sì gbé e mì. Wọ́n tún fi gé kékeré kan lára CD19 kún un. Iṣẹ́ ìkẹyìn yìí kì í ṣe láti pa ohunkóhun. Òun ni wọ́n fi ń ka sẹ́ẹ̀lì náà nínú omi ọpọlọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dà á sí i.

Ó yẹ kí a sọ èyí ní gbangba, nítorí pé a máa ń da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: nínú ìtọ́jú yìí, wọ́n fi jíìnì kún sẹ́ẹ̀lì, wọn kò gé èyí tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn yàn ni lentivirus ń so jíìnì mọ́, ibi tó bá bọ́ sí ni. Ewu tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èyí tí a lè fojú fò: ní oṣù Kìíní ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn tó ń ṣe CAR T (sẹ́ẹ̀lì T tó ní CAR) fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kọ ọ́ sára ìwé oògùn wọn pé sẹ́ẹ̀lì T fúnra rẹ̀ lè di jẹjẹrẹ. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀. Gígé jíìnì ní ibi tí a yàn jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, àwọn ará Duarte kan náà sì ṣe é nínú ìdánwò mìíràn. A ó débẹ̀.

Ihò

Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n da sẹ́ẹ̀lì sínú ihò kókó ńlá náà, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 2 mílíọ̀nù, láti fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara rẹ̀ yóò gbà á. Ìgbà márùn-ún tó tẹ̀lé e jẹ́ 10 mílíọ̀nù ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Níbi tí wọ́n dà á sí, ó ṣiṣẹ́. Ó ju ọjọ́ 45 lọ tí kókó kankan kò fi padà hù ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Ṣùgbọ́n àwọn kókó méjì tí wọn kò yọ ń tóbi sí i, méjì mìíràn tún yọ, ó di mẹ́rin tó ń dàgbà níbi tí sẹ́ẹ̀lì kò dé. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n rí kókó nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1.75, àwọn tó kéré ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ sì pọ̀ káàkiri.

Ẹni tó bá ka ìròyìn náà dé ibí tí kò sì mọ ohun tó kàn, yóò sọ pé ìtọ́jú ti kùnà. Ojú ìwé kan náà ló sì fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì náà lè dá kókó dúró. Ihò iṣẹ́ abẹ ní ògiri. Ẹran tó jóná nínú iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ tó dì, àti ògbólógbòó egbò máa ń yí i ká. Sẹ́ẹ̀lì tí a dà síbẹ̀ á jìjàdù pẹ̀lú ohun tó bá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tààrà tí yóò gbà dé apá kejì ọpọlọ, ká tó wá sọ ti ọ̀pá ẹ̀yìn.

Yàrá omi

Wọ́n bẹ FDA kí wọ́n lè yí ọ̀nà padà, wọ́n sì gbà. Wọ́n gbé Rickham kejì sí i, rọ́bà tirẹ̀ wọ inú yàrá omi ọ̀tún nínú ọpọlọ.

Inú àwọn yàrá wọ̀nyí ni ara ti ń ṣe omi ọpọlọ. Lápapọ̀, nǹkan bí mílílítà 150 ló máa ń wà nínú àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan náà, ara a sì máa ṣe tó mílílítà 500 lójúmọ́, ìyẹn ni pé gbogbo rẹ̀ ń di tuntun ní ìgbà mẹ́ta àti díẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ó ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì, ó ń jáde yí ọpọlọ ká, ó ń sàn lọ dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ń padà gòkè. Ọ̀nà kan náà tí jẹjẹrẹ ọkùnrin yìí gbà ràn nìyẹn. Ẹni tó bá da nǹkan sí orísun odò, ìsàlẹ̀ odò ni yóò gbé e dé.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti 2 mílíọ̀nù, lẹ́yìn náà 10 mílíọ̀nù. Ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n dà á sínú yàrá omi, pẹ̀lú àwọn ti ihò ó jẹ́ ìgbà 16 láàárín ọjọ́ 220. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, sẹ́ẹ̀lì 144 mílíọ̀nù ni. Ẹ fi wé Kymriah, CAR T fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí àgbàlagbà tó ní lymphoma, irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ kan, máa ń gba 60 sí 600 mílíọ̀nù nínú iṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn fọ sẹ́ẹ̀lì T tirẹ̀ dànù. Wọn kò fọ ti ọkùnrin yìí.

Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta péré nínú yàrá omi, àwòrán ọjọ́ 133 fi hàn pé gbogbo kókó ti dín kù gidigidi. Lẹ́yìn ìgbà karùn-ún, wọ́n ti súnkì ní ìdá 77 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kókó inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti parẹ́ pátápátá. Ìgbà márùn-ún tó kù jẹ́ àfikún láti fi ìdí iṣẹ́ múlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi parí, kò sí ọ̀kankan nínú kókó méjèèje àkọ́kọ́ tó ṣì hàn lójú àwòrán. Wọ́n ń dín dexamethasone rẹ̀, oògùn tó ń bá wíwú ọpọlọ jà, kù díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dá a dúró. Ọkùnrin náà padà sí iṣẹ́ àti ìgbé ayé rẹ̀. Oṣù 7.5 ni ìdáhùn ara rẹ̀ fi dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ da sẹ́ẹ̀lì sí i.

Kí á má sọ àsọdùn. Ìgbà mẹ́fà tó ti gbà sínú ihò lè ti jí àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ kí wọ́n tó dé yàrá omi, nítorí náà a kò lè búra pé ọ̀nà nìkan ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò yí padà, ìwọ̀n kò yí padà, kókó tó ń dàgbà sì wó lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọ̀nà yí padà.

Ohun tí omi ọpọlọ sọ

Àǹfààní kan tó wà nínú Rickham ni pé ọ̀nà ìwọlé náà ni ọ̀nà àbájáde. Kí wọ́n tó da sẹ́ẹ̀lì sí i àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n máa ń fa díẹ̀ nínú omi ọpọlọ jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì CAR T níbẹ̀, èyí tí gé CD19 yẹn jẹ́ kí wọ́n dá mọ̀, ó kéré tán fún ọjọ́ méje. Pẹ̀lú wọn ni sẹ́ẹ̀lì T ti ara rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yí jíìnì rẹ̀ padà, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì agbémì. Interferon-γ, TNF-α, IL-6, CXCL9 àti CXCL10 wà lára àwọn èròjà ìjà ogun ara tó fò sókè níbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ó kéré tán. Nínú ẹ̀jẹ̀ apá rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyípadà kankan. Ìjà náà wà ní ibi tí kókó wà, kò sì tú sí gbogbo ara. Èyí ló fa á tí kò fi sí irú ìgbóná ara burúkú tó máa ń gbé àwọn tó gba CAR T fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ dé ibi ìtọ́jú kòṣeémánìí.

Ohun tó ṣe é ni orí fífọ́, àárẹ̀, ara ríro, àti òórùn àjèjì tó máa ń gbọ́ láìsí ohun tó ń rùn. Gbogbo rẹ̀ wà ní ìpele kìíní àti ìkejì. Wọn kò rí ìpele kẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a lè kà sí sẹ́ẹ̀lì náà lọ́rùn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ṣètọ́jú irú aláìsàn yìí kò gbọdọ̀ sùn: bí sẹ́ẹ̀lì T bá ń jà nínú agbárí, ẹran ọpọlọ á wú, agbárí kò sì láàyè tí yóò fi fún un. MRI lè fi kókó hàn bí ẹni pé ó tóbi sí i nígbà tí ó jẹ́ pé wíwú ìjà ló ń rí. Dókítà tó bá yára pè é ní ìkùnà lè dá ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ dexamethasone, àti ibi tí gígé jíìnì ti wọlé

Wíwú yẹn ni dexamethasone ń bá jà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí aláìsàn glioblastoma tí kì í lò ó nígbà kan. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kan náà ń pa iná sẹ́ẹ̀lì T. Ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń di ohun kan tí a ń pè ní glucocorticoid receptor mú, sẹ́ẹ̀lì a sì dákẹ́ tàbí kó kú. Ọkùnrin yìí ń lò ó nígbà tó bẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ síbẹ̀, bóyá nítorí pé tààrà ni wọ́n dà wọ́n sínú omi ọpọlọ. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló lè gbára lé irú oríire bẹ́ẹ̀.

Nínú ìdánwò mìíràn, NCT01082926, àwọn ará City of Hope àti iléeṣẹ́ Sangamo mú sẹ́ẹ̀lì T láti ara ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọ́n fi CAR àtijọ́ kan tó ń lépa IL13Rα2 sí i, wọ́n sì fi àlùmọ́gàjí jíìnì kan gé NR3C1, jíìnì tó ń kọ́ glucocorticoid receptor. Zinc finger nuclease ni irinṣẹ́ náà. Ìdajì méjì ló ní: ìdajì kọ̀ọ̀kan ń ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lára DNA, orí kan tó ń gé, FokI, sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Wọn kì í gé àfi tí méjèèjì bá pàdé ní ojú kan náà, èyí tó dín gígé níbi tí kò yẹ kù. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń dí ibi tí wọ́n gé, ó máa ń fi lẹ́tà sílẹ̀ tàbí kó fi kún un, jíìnì náà á sì bàjẹ́. Lóde òní, CRISPR ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwádìí máa nawọ́ mú fún irú iṣẹ́ yìí, torí pé ó rọrùn láti tún ṣe fún ibi tuntun.

Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí jinlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ni, ara aláìsàn yóò sì fẹ́ lé e jáde. Dexamethasone ló ń tẹ ogun ara aláìsàn náà rì kí ó má lè lé e. Sẹ́ẹ̀lì tí a ti gé NR3C1 rẹ̀ kò sì gbọ́ ohun tí dexamethasone ń sọ. Aláìsàn mẹ́fà tí kókó wọn kò ṣe é yọ ló gbà á: 100 mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì ní ìgbà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú IL-2 láti fi bọ́ wọn. Nínú mẹ́rin, kókó dín kù tàbí kí ó kú ní ojú ibi tí wọ́n da sẹ́ẹ̀lì sí. Kò pẹ́ tí ó fi kọjá. Ojú ibi tí wọ́n dà á sí nìkan ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i nínú ihò ọkùnrin Duarte. Sẹ́ẹ̀lì tí a gé jíìnì rẹ̀ dáadáa kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro ọ̀nà.

Bí ó ṣe padà

Ọjọ́ 228 lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ ni jẹjẹrẹ náà tún fara hàn. Ibi mẹ́rin tuntun ló ti yọ, kò sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kókó méje àtijọ́. Àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀ fi hàn pé IL13Rα2 ti dín kù lára wọn. Nínú kókó tí wọ́n yọ níbẹ̀rẹ̀ pàápàá, àmì náà kò pọ̀ bákan náà káàkiri. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní púpọ̀, àwọn mìíràn ní díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì CAR T pa àwọn tó ní i. Àwọn tí kò ní i tó ló ṣẹ́kù, wọ́n sì bí sí i.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ní aláìsàn nínú irú ìdánwò báyìí bèèrè ju bóyá kókó ní àmì náà lọ. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni ìdá mélòó nínú sẹ́ẹ̀lì kókó ló ní i, àti bóyá wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára ẹran tí wọ́n yọ láìpẹ́ tàbí èyí tó ti wà ní ilé-ìpamọ́ láti ìgbà iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Kí wọ́n bèèrè ọ̀sẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì yóò gbà kó tó délẹ̀, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí àlàfo náà. Kí wọ́n bèèrè iye dexamethasone tí wọ́n lè gbà kí ó ṣì wọ ìdánwò. Kí wọ́n sì bèèrè ibi tí rọ́bà yóò wà.

Ní ilé-ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, wọ́n gbìyànjú láti dí ojú méjì pọ̀. CAR tiwọn ń lépa EGFRvIII, àmì mìíràn lára glioblastoma tó jẹ́ EGFR tó ti yí padà, sẹ́ẹ̀lì kan náà sì tún ń tú èròjà kan jáde tó ń fa sẹ́ẹ̀lì T mọ́ EGFR lásán. Inú yàrá omi ni wọ́n da 10 mílíọ̀nù sí fún aláìsàn mẹ́ta, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Obìnrin ẹni 57 ọdún kan nínú wọn, kókó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ọkùnrin ẹni 72 ọdún, kókó rẹ̀ dín ní ìdá 60.7 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ 69, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Nínú àwọn méjì tó kù yàtọ̀ sí ọkùnrin yìí, títí kan obìnrin náà, kò pẹ́ tí ó fi padà.

Ìdánwò tí ọkùnrin Duarte wà nínú rẹ̀ parí sí aláìsàn 65, ìròyìn rẹ̀ sì jáde nínú Nature Medicine ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Nínú 58 tí wọ́n lè ṣírò àbájáde wọn, 29 ni àìsàn wọn dúró lójú kan tàbí tó dín kù. Wọ́n gun ìwọ̀n dé 200 mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì nígbà kan láìrí oró tó dá wọn dúró. Ìdajì gbogbo wọn lò ju oṣù 7.7 lọ. Ẹgbẹ́ karùn-ún nínú wọn, tí wọ́n da sẹ́ẹ̀lì sí inú kókó àti inú yàrá omi pọ̀, ìdajì wọn lò ju oṣù 10.2 lọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ karùn-ún yẹn, wọ́n tún yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe sẹ́ẹ̀lì padà: wọn kò yọ àwọn tó ní CD45RA dànù mọ́, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lè wà nínú ohun tí wọ́n ń dà. Ohun méjì ni wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà iye oṣù yẹn kò lè sọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀nà àti èyí tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì.